Jẹ́ Kí Dúpẹ́ Sìn Ọ́ Sọ́nà

Ìlútítun,
Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Bọ́sẹ̀dé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ tí ẹ jọ wà níbẹ̀. Ara mi le. Orúnkún mi nìkan ló ń dùn mí bí mo bá pẹ́ ní ìdí epo, ìyẹn kò sì yẹ kó já ọ láyà. Ìyá Àgbà ń kí ọ láti Igbótako. Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun, nítorí wọ́n gbà pé kò sí ẹni tó mọ púpurú ṣe mọ́ tí èèyàn bá ti kúrò ní Igbótako.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Agbọ̀n ẹja ni dẹ́rẹ́bà tí o fi í rán jù ú sí, nítorí náà bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀dùn ọkàn rẹ ni òórùn ẹja gbígbẹ ń bá mi kà á. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn pé oṣù mẹ́ta tí ìjọ rán yín lọ sí ilé ọmọ òrukàn yẹn, lẹ́yìn Òdè-Ìrèlè, ti ń parí lọ láìsí aburú. Ṣùgbọ́n mo dé ibì kan nínú lẹ́tà náà, ara mi bù máṣọ. O ní ọjọ́ Sátidé ni mọ́tò máa wá kó yín. O ní ẹ ti fẹnu kò pé ọ̀sán lẹ máa lọ, nígbà tí àwọn ọmọ bá ń sùn lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹkún má baà pọ̀. O ní Dúpẹ́ nìkan ló ń bà ọ́ lẹ́rù, nítorí ọmọ ọdún mẹ́rin ni, kì í sì í fẹ́ kí o kúrò lójú òun. O wá kọ ọ́ pé, "Màá pọ̀n ọ́n títí tí yóò fi sùn, màá tẹ́ ẹ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, màá sì lọ."

Bọ́sẹ̀dé, má ṣe é.

Má bínú pé mo là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, Sátidé kò sì jìnnà mọ́. Mo mọ̀ pé o kò bi mí. Ohun tí o béèrè ni bàtà funfun tí wọ́n ní kí àwọn tó ń bọ̀ wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì mú wá sí Àkúrẹ́. Mo ti rà á, yóò dúró dè ọ́ nílé. Ìmọ̀ràn yìí ni ènì tí mo bù lé e, o sì mọ ìyá rẹ, ènì mi máa ń pọ̀ ju ọjà lọ nígbà mìíràn.

Ṣé o rántí ọ̀já aláró tó wà nísàlẹ̀ àpótí mi? Nígbà tí obìnrin ilé kejì bímọ, o fẹ́ mú un fún un kó fi máa pọnmọ, mo sì jágbe mọ́ ọ títí o fi sunkún. Mo ní aṣọ mi ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. N kò purọ́, ṣùgbọ́n n kò sọ gbogbo rẹ̀. Jókòó dáadáa kí n sọ èyí tó kù.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́ nígbà náà, kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira. Wòlíì ìjọ wa ríran pé kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá lọ sìn ní ilé ọmọ òrukàn kan lẹ́bàá omi, ní ọ̀nà Àrògbò. Àwa mẹ́fà ni orúkọ wa jáde, fún oṣù méjì. Mo kó ọ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Ọjọ́ tí mò ń lọ, ọgbọ́n tí mo kọ́kọ́ dá ni pé kí n yọ́ lọ nígbà tí o bá wà nílé ìwé. Ìyá Àgbà kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, "Kí ọma dé ulé kó má bá ìyá rẹ̀? Rárá o. Jẹ́ kó ghá, kó sìn ẹ́." O sì sìn mí lóòótọ́. O gbé agbọ̀n tí mo kó Bíbélì àti sùtánà mi sí lérí, o ń lọ níwájú mi bí ìyá ọlọ́jà. Nígbà tí a dé ìdí igi àgbọn tó kángun sí ibi tí mọ́tò ń dúró sí, o sọ agbọ̀n kalẹ̀, o ní, "Ìyá, ibí lèmi ó ti padà o, ebi ń pa mí." O yí padà, o lọ. Mo jókòó sínú mọ́tò, mò ń rò ó pé bóyá ọmọ yìí kò tilẹ̀ fẹ́ràn mi. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà sọ fún mi pé o sunkún nígbà tí o délé, o jẹun, o sùn, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì o ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ ta òkòtó.

Fi ìyẹn sọ́kàn. Mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ilé pákó ni ilé ọmọ òrukàn náà, orí òpó ni wọ́n kọ́ ọ sí nítorí omi. Obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ilé ló ń bójú tó àwọn ọmọ ibẹ̀. Láàárín wọn ni ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Tárí, ọmọ Àrògbò, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹ̀yìn mi nìkan ló gbọ́. Bí mo bá pọ̀n ọ́n, á dákẹ́. Bí ẹlòmíràn bá pọ̀n ọ́n, á figbe ta bí ẹni tí wọ́n fi ata sí lójú. Ìyá Ilé bẹ̀ mí lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ní, "Ẹ gbé e fún àwa náà, kó lè mọ́ wa lára." Màá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kò wúwo. Ọmọ mi, kì í ṣe àánú nìkan ló ń ṣe mí. Ó ń dùn mọ́ mi nínú ni. Mò ń fi yangàn láàárín àwọn ìyá yòókù pé èmi nìkan ni ọmọ yìí fẹ́, bẹ́ẹ̀ mo mọ ọjọ́ tí mo máa lọ, òun kò sì mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ náà dé. Ìyá Ìjọ tó kó wa lọ sọ pé ẹkún kì í ṣe ohun tí a fi í bẹ̀rẹ̀ ìrìn ojú omi, pé ìránṣẹ́ Ọlọ́run kì í fi omijé gòkè nínú ọkọ̀. Wọ́n ní kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kí a wá máa lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi, nítorí èmi gan-an ni ẹ̀rù ẹkún yẹn ń bà. Mo pọn Tárí, mo ń kọrin sí i, mo ń rìn síwá sẹ́yìn lórí pákó títí ọrùn rẹ̀ fi wọ́ sí èjìká mi. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ẹní. Àṣé ó ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọ̀já mú. Mo fà á díẹ̀, ó mira. Mo tún fà á, ó fẹ́ẹ́ lajú. Mo bá fi ọ̀já sílẹ̀ fún un, mo sì yọ́ lọ sínú ọkọ̀.

Nígbà tí a dé Ìlútítun, ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo jẹ́rìí nínú ìjọ. Mo dúró níwájú pẹpẹ, mo ní kí wọ́n bá mi yin Olúwa, pé a kúrò níbẹ̀ láìgbọ́ ẹkún ọmọ kan ṣoṣo. Gbogbo ìjọ ké Halelúyà. Èmi náà ké e.

Mo máa dúró díẹ̀ kí n sọ ohun tó yẹ kí o ṣe láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé títí di Sátidé, nítorí mo mọ̀ ọ́, bí mo bá sọ ìtàn náà tán lẹ́ẹ̀kan o ò ní ka èyí tó kù.

Èkíní, sọ fún un. Má dúró di ọjọ́ Jímọ̀. Ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ rẹ ni kí o sọ ọ́, ní ojúmọmọ, nígbà tó bá ti yó, kì í ṣe nígbà tí oorun ń kùn ún. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni kí o fi sọ ọ́. Pé, "Dúpẹ́, ní ọjọ́ Sátidé, mọ́tò á wá, mo máa wọ̀ ọ́, mo máa lọ sílé ìyá mi. Ìwọ máa wà níbí." Bó bá sunkún, jẹ́ kó sun ún. Bó bá tún bi ọ́ lọ́jọ́ kejì, tún un sọ bákan náà, má yí i padà. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹni tó ń sunkún ń rí ẹni tó ń lọ, ó ń rí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń rí mọ́tò tó wọ̀. Ẹni tó sùn kò rí nǹkan kan, yóò sì máa wá a kiri.

Èkejì, ta ni yóò máa pọ̀n ọ́n bí o bá lọ? Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé o ṣe bíi tèmi. O ní obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń dáná fún wọn, tó máa ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí o bá ka èyí lọ, ìwọ àti obìnrin náà ni kí ẹ jọ máa wẹ Dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì, kí obìnrin náà wẹ̀ ẹ́, kí ìwọ jókòó tì wọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, kó pọ̀n ọ́n, kí ìwọ máa fọ abọ́. Yóò dùn ọ́ lọ́jọ́ tó bá dákẹ́ ní ẹ̀yìn ẹlòmíràn. Jẹ́ kó dùn ọ́. Gbèsè tìrẹ nìyẹn, òun kọ́ ló yẹ kó san án.

Nǹkan mìíràn tún ni ìlérí. Má sọ pé o máa padà wá ní Kérésìmesì. O kò mọ ibi tí Kérésìmesì á bá ọ ní Àkúrẹ́, wọ́n sì lè máà fún ọ láàyè. Nígbà tiwa, ayàwòrán kan wọ ọkọ̀ wá láti Igbókọ̀dá, ó tò wá sórí pákó, àwa ìyá nínú sùtánà funfun, àwọn ọmọ níwájú wa, ó sì ya fọ́tò. Àwọn ọmọ náà kò tíì rí fọ́tò ara wọn rí. Mo fi ẹnu ara mi sọ pé gbogbo wọn á gba tiwọn. Fọ́tò náà dé, ọ̀kan péré, Ìyá Ìjọ sì gbé e kọ́ sí pálọ̀ wọn. Ó ṣì wà níbẹ̀. Bí mo bá lọ kí wọn, mo máa ń mú àga tó kọ ẹ̀yìn sí i. Nítorí náà, bí ayàwòrán bá wá, tí o kò sì lè fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ọmọ kọ̀ọ̀kan, jẹ́ kó máa lọ. Ìlérí tí a ṣe fún àgbà, àgbà lè gbàgbé rẹ̀. Ọmọ tí kò ní nǹkan mìíràn tó ń retí kì í gbàgbé.

Má sì pín ẹrù rẹ fún wọn lọ́jọ́ tí o bá ń lọ, bí ẹni tó fẹ́ kú. Mo mọ ọwọ́ rẹ, ọwọ́ rẹ kì í dúró. Bí o bá fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀, kó o fún Ìyá tó ń bójú tó ilé, kó di ti gbogbo wọn. Àti èyí tó ṣe pàtàkì jù: má bi Dúpẹ́ léèrè bóyá yóò máa rántí rẹ. Ọ̀rọ̀ tó ń tẹ́ wa lọ́rùn nìyẹn, kò ṣe ọmọ lóore.

Ó dáa. Mo padà sórí ìtàn.

Ọdún méje kọjá. Epo ń lọ dáadáa, bàbá rẹ ṣì wà láyé, o ti wọ ilé ìwé girama. Ìjọ kó aṣọ jọ, wọ́n ní ta ni yóò mú un lọ sí ilé ọmọ òrukàn ọ̀nà Àrògbò. Mo ní èmi ni. O rántí ìgbà yẹn, o ní kí n mú edé bọ̀. Mo dé ibẹ̀ lọ́sàn-án. Ilé dákẹ́, gbogbo ọmọ ti sùn lórí ẹní. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló jókòó ní ẹnu ọ̀nà, ó fẹ̀yìn ti òpó, ó lajú sílẹ̀, ó ń wo etí omi. Mo kí i, mo kọjá lára rẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ilé ló sọ fún mi. Wọ́n ti darúgbó, wọn kò sì fi ọ̀rọ̀ náà bú mi, èyí ló jẹ́ kó dùn mí jù. Wọ́n ní, "Tárí nìyẹn. Kì í sùn lọ́sàn-án. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, kò sùn lọ́sàn-án mọ́." Wọ́n ní nígbà tó jí lọ́jọ́ náà tí kò bá mi, kò sunkún. Ó jókòó sí etí omi pẹ̀lú ọ̀já yẹn lọ́wọ́. Gbogbo ọkọ̀ tó bá gúnlẹ̀, á dìde. Ó tó ọdún kan kó tó yé dìde. Wọ́n gbìyànjú láti fi ọ̀já náà pọ̀n ọ́n, ó kọ̀. Wọ́n fẹ́ fi pọn ọmọ mìíràn, ó jà.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò tilẹ̀ tó ogún ọdún. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń rántí Halelúyà tí mo ké níwájú pẹpẹ. A máa ń sọ pé ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn, èmi náà sì ti fi òwe yẹn dá ara mi láre rí. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ ni mo fi du ọmọ yìí. Ìwọ tí o ní ìyá, tí o ní bàbá, tí o ní Ìyá Àgbà, mo jẹ́ kí o sìn mí dé ìdí mọ́tò. Òun tí kò ní ẹnì kan, mo fi oorun tàn án jẹ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Tárí wá bá mi níbi tí mo ti ń to aṣọ. Ó ti gbọ́ Yorùbá dáadáa nígbà yẹn. Ó kúnlẹ̀, ó mú ọ̀já kan jáde, ọ̀já aláró, ó ti fọ̀ ọ́, ó ká a ní ìká mẹ́rin. Ó ní, "Ìyá, ẹ gbàgbé rẹ̀."

Mo ní, "Mo gbàgbé rẹ̀?"

Ó ní, "Ẹ̀n. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń sọ pé bí ẹ bá délé, tí ẹ wá a tì, ẹ máa padà wá mú un. Mo bá yín pa á mọ́."

Bọ́sẹ̀dé, ó ti la ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀ fún mi. Ó kù kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mo gbàgbé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Tárí, n kò gbàgbé rẹ̀. O dì í mú, n kò fẹ́ kí o jí, mo bá fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé mò ń lọ, n kò sọ fún ọ. Ohun tí mo ṣe kò dára. Jọ̀ọ́, dárí jì mí." Èmi ìyá àgbàlagbà, mo bẹ ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ó ní, "Mo mọ̀. Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀, mo mọ̀." Ó fi ọ̀já náà lé mi lọ́wọ́, ó ní òun ń lọ pọn omi.

Lọ́jọ́ kẹta tí mo fẹ́ máa bọ̀, mo ti sọ fún un pé ọ̀sán ni ọkọ̀ mi máa lọ. Ó ń dúró dè mí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sìn yín." Ó gbé àpò mi lérí, ó gba iwájú. Igi máńgòrò kan wà láàárín ilé àti etí omi. Nígbà tí a débẹ̀, ó sọ àpò kalẹ̀, ó ní, "Ibí ni mo ti máa padà." Mo fẹ́ sọ pé kó sìn mí dé etí omi, kò jìnnà mọ́. Mo rí ojú rẹ̀, n kò sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n kí àwọn ará ilé. Ó dìde, ó yí padà, ó ń lọ. Kò wẹ̀yìn. Èmi ni mo dúró tí mò ń wò ó, ọlọ́kọ̀ ń pè mí, mo ní kó ní sùúrù, títí ó fi gòkè sórí pákó, tó sì wọlé.

N kò ní parọ́ fún ọ pé ìyẹn tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo kọ̀wé bi Ìyá Ilé bóyá ó ti ń sùn lọ́sàn-án, wọ́n ní rárá. Ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá báyìí, ó mọ ìwé, ó ń kọ lẹ́tà sí mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í sì í sùn lọ́sàn-án. Nǹkan kan wà tí ẹ̀bẹ̀ kì í lè tún ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ tìrẹ fún ọ kó tó di Sátidé.

Mo rí ohun tí o kọ sí etí ìwé, ní kékeré, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n rí i: "Àbí kí n mú un bọ̀?" Mo rí i. Ojú mi kò tíì ṣú tó bẹ́ẹ̀. Bọ́sẹ̀dé, ibùsùn kan ṣoṣo ni wọ́n máa fún ọ ní Àkúrẹ́. Bí o bá mú un bọ̀, èmi lo mú un wá fún, a jẹ́ pé o tún tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ibòmíràn nìyẹn. Bí o bá parí ẹ̀kọ́ rẹ, tí o ní ilé, tí ọkàn rẹ ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, lọ bá àwọn tó ni ilé náà kí ẹ jókòó sọ ọ́. Èmi á tẹ̀lé ọ, orúnkún mi ìbáà dùn mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìdágbére, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Iṣẹ́ tí o fẹ́ lọ kọ́ yìí, ìdágbére ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Aláìsàn á wá, á gbádùn, á kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé láìmọ orúkọ rẹ. Òmíràn kò ní padà sílé. Bí o bá kọ́ láti máa yọ́ lọ láti ìsinsìnyí, wàá máa yọ́ fún wọn títí ayé, wọ́n á sì máa pè ọ́ ní nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́. N kò fẹ́ ìyẹn fún ọ. Mo fẹ́ kí o lè dúró.

Ohun tó kù nìyí, òun sì ni mo tìtorí rẹ̀ mú gègé. Ẹni tó ń sinni sọ́nà ni onílé, ẹni tí a ń sìn ni àlejò. Dúpẹ́ kò ní ìyá, kò ní bàbá, ṣùgbọ́n ilé yẹn, ilé rẹ̀ ni. Ìwọ lo wá kí i. Bí o bá yọ́ lọ lójú oorun rẹ̀, o sọ ọ́ di ẹrù tí a gbé kalẹ̀ síbi tó bá ṣáà gbà á. Nítorí náà, bí àwọn yòókù bá fẹ́ lọ lọ́sàn-án, bẹ̀ wọ́n kó di lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá jí. Bí aṣáájú yín bá bínú, sọ pé ìyá rẹ ló ní bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá bá mi jà ní Ìlútítun.

Fún Dúpẹ́ ní nǹkan rẹ kan kó gbé, ife ìmumi rẹ tàbí Bíbélì kékeré rẹ, ohun tí kò wúwo. Kó gba iwájú. Kí obìnrin tó ń dáná yẹn tẹ̀lé yín, kó lè rí ọwọ́ tí yóò dì mú nígbà tó bá ń padà. Ibi tó bá ti ní òun yóò padà, ìbáà jẹ́ ẹnu ọ̀nà ni, ìbáà má tíì tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, dúró níbẹ̀. Gba ẹrù rẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì kí i bí a ṣe ń kí onílé, pé o ṣeun, o tọ́jú mi. Má sọ pé kó tún wá sí iwájú díẹ̀. Má gbé e. Kí òun kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn padà.

Kí ìwọ dúró, kí o máa wò ó, bí dẹ́rẹ́bà tilẹ̀ ń fọn fèrè, títí yóò fi wọlé.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ìyá Bọ́sẹ̀dé.